Ẹ Má Dúró De Ìròyìn Ńlá

  Mo kí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Enugu, ìlú orí òkè, ìlú èédú. Mo kí yín ní Ogui. Mo kí yín ní Asata àti ní Coal Camp. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́jà Ogbete, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, tẹ́ ẹ ń ti Ninth Mile bọ̀, tẹ́ ẹ ń sọ̀kalẹ̀ Milliken Hill, ẹ rọra o. Ìrìn àjò náà á yọrí sí ilé.

Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ilé náà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn ọmọ ahunṣọ, ẹ kú ilé. Ilé tó bá sì ní ọmọ tuntun nínú wa, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á dá a sí. Ọlọ́run á wò ó fún wa.

Mo ní ìbéèrè kan láti bi yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìgbà wo lẹ pe ilé kẹ́yìn?

Ẹ má tíì dáhùn. Ìbéèrè kejì ń bọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ pè, kí lẹ sọ?

Ṣé ọ̀rọ̀ owó ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà ni, àbí ti ìgbéyàwó tó ń bọ̀? Ẹ rántí dáadáa. Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ti ń jókòó? Ṣé ẹ sọ pé ó ti yọ eyín? Ṣé ẹ sọ pé ó ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, pé ó kọ ọ́ sára ògiri, pé ẹ ò tíì pa á rẹ́?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Ìṣẹ́yìn ni ìyá mi ń gbé. Òwú ni wọ́n ń tà fún àwọn ahunṣọ. Lọ́jọ́ kan, mo pè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ mi dilẹ̀ níbi iṣẹ́, ọkàn mi fà sí wọn, ni mo bá pè. Mo ní, "Màámi, ẹ kú ọ̀sán." Wọn ò dáhùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Màámi, ẹnikẹ́ni ò kú."

Wọ́n ní, "Ṣé ara àwọn ọmọ ò yá ni?"

Mo ní, "Ara wọn le koko."

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní, "Iṣẹ́ wà, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kí ló wá dé?"

Kí ló wá dé! Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ilé. Ó bá mi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ pe ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá ń wá òkú. Ta ló fà á? Èmi ni. Èmi ni mo fi ọdún mélòó kan kọ́ ìyá mi pé bí orúkọ mi bá ti yọ lójú fóònù, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. N kì í pè bí kò bá sí ọ̀ràn. Mo ti sọ aago fóònù di agogo ìbẹ̀rù lọ́wọ́ ẹni tó bí mi.

Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn. Mo máa sọ ọ́, mo sì máa tún un sọ. Ẹ má dúró de ìròyìn ńlá. Ẹ máa fi ìròyìn kékeré ránṣẹ́ sílé. Ìròyìn kékeré nípa ọmọ, nípa ilé, nípa oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ. Òun ló ń so ẹbí pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìṣẹ́yìn, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń hun òfì. Agbádá kì í ti orí òfì jáde ní odidi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ahunṣọ á hun ún, á hun ún, á ká a jọ. Aránṣọ ló máa wá gé e, tí á tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí á rán tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kó tó di ohun tí ènìyàn ń gbé wọ̀ lọ sóde. Bí ẹbí ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò hun odidi agbádá lẹ́ẹ̀kan náà, ìhòòhò ni yóò wà.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọn ò ní fóònù, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ ìwé kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ròyìn fún ara wọn. Àrokò ni wọ́n ń lò. Bí ẹnì kan bá wà lájò, tí ọkàn rẹ̀ fà sí ará ilé, á so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, á fi rán ènìyàn. Ẹ̀fà ni. Ẹni tó gbà á ti mọ̀ ọ́n kà: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá so owó ẹyọ méjì tí wọ́n dojú kọra, ìyẹn ni pé ó fẹ́ rí i lójúkojú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Ènìyàn rìn láti ìlú dé ìlú, ó la igbó, ó la odò, nítorí kó lè wí fún ẹnì kan pé ọkàn ẹnì kejì fà sí i. Kò sí òkú níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ọkàn mi fà sí ọ. Ó tó ìròyìn.

Orúkọ wa pàápàá ńkọ́? Ṣebí ìròyìn ni. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Èyí tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ ò sí nílé, Abídèmí ni. Èyí tí wọ́n bí lókè òkun, Tòkunbọ̀ ni. Èyí tó bá òjò wá, Bẹ́jídé ni. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Ìdòwú, ẹ ti mọ̀ pé ìbejì ti ṣíwájú rẹ̀ dé ilé náà. Ẹnikẹ́ni ò ní láti tún ìtàn náà sọ. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ, wọ́n ti ròyìn ọjọ́ tó wáyé. Àwa tí orúkọ wa jẹ́ ìròyìn, kí ló wá dé tí ẹnu wa fi ń wúwo láti ròyìn ọmọ fún ìyá àgbà rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ohun tí à ń sọ kò le. À ń sọ pé kí á má dúró de ìròyìn ńlá kí á tó pe ilé. À ń sọ pé ìròyìn kékeré nípa ọmọ wa, ẹ̀tọ́ àwọn tó wà nílé ni.

Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sí Enugu tí a wà yìí.

Èédú ló sọ Enugu di ìlú ńlá. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú níbí. Ní 1916, ojú irin ti so ìlú yìí mọ́ Port Harcourt. Àwọn ènìyàn wá láti ibi gbogbo, àwọn kan wá wa èédú, àwọn kan wá ṣe akọ̀wé. Ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ níbí nígbà náà, tó sì fẹ́ ròyìn ọmọ fún ará Ìbàdàn, kí ló máa ṣe? Lẹ́tà ni. Kò sí ojú irin tó gba tààrà láti Enugu lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin á gba Makurdi, á gba Kafanchan, á dé Kaduna lókè lọ́hùn-ún, kó tó tún sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìlọrin, kó tó wá rí Ìbàdàn. Bí lẹ́tà bá sì gba ti mọ́tò, Odò Ọya ń dúró dè é ní Onitsha. Kí wọ́n tó parí afárá ní 1965, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò àti ènìyàn sọdá sí Asaba. Ẹ rò ó wò. Ọmọ yọ eyín ní Enugu. Kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ bàbá àgbà, kí ẹni tó mọ̀wé tó kà á sí wọn létí, eyín ti di mẹ́rin. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ lẹ́tà náà.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967. Afárá bàjẹ́, ọ̀nà dí. Títí ogun fi parí ní 1970, òbí mélòó ló wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún tí wọn ò mọ̀ bóyá ọmọ wọn wà láàyè? Ẹ bi àwọn àgbà tó rí àkókò yẹn léèrè. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹni tó bá gbọ́ pé, "Mo rí ọmọ rẹ, ó ń jẹun," omijé ayọ̀ ló máa ń dà lójú rẹ̀. Ó ń jẹun! Ìròyìn kékeré ni.

Ohun kan tún wà tí ìlú yìí kọ́ wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, lẹ́bàá ìlú níbí. Ènìyàn 21 ló kú. Ìròyìn náà dé Èkó, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ilẹ̀ yìí gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní láti gbé e rù kó tó rìn. Bí ìròyìn ikú ṣe rí nìyẹn. Ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́, ẹ má sọ ọ́, á dé ilé. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé ọmọ yọ eyín, kò lẹ́sẹ̀. Ìròyìn pé ọmọ ti ń fọ àwo fúnra rẹ̀, kò lẹ́sẹ̀. Ìwọ òbí ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o kò bá gbé e, ibi tó wà ló máa kú sí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbẹ̀ yẹn. Ìròyìn búburú ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìròyìn dídùn kékeré, àwa ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Fóònù alágbèéká GSM ti wọ orílẹ̀-èdè wa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Odò Ọya ò dí wa lọ́wọ́ mọ́. Ojú irin Kaduna ò kàn wá mọ́. Ohùn tí a sọ ní Abakpa ní Enugu níbí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé Ìṣẹ́yìn. Ọ̀nà ti là, ẹnu wa ló wá ń wúwo.

Ẹ wo àwọn ará Enugu tí a ń bá gbé. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń kéde ọmọ. Bí obìnrin bá bímọ, àwọn tó wá kí i máa ń fi pọ́dà funfun pa ọrùn. Láyé àtijọ́, ẹfun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní nzu. Wọ́n á fi ọrùn funfun náà jáde sí títì, wọ́n á bọ́ sọ́jà. Ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà ò ní béèrè. Ó ti mọ̀ pé ọmọ tuntun ti dé ilé kan. Ara wọn ni wọ́n fi ń ròyìn!

Ìyá obìnrin náà á sì di ẹrù rẹ̀, á wá bá ọmọ rẹ̀ gbé. Omugwo ni wọ́n ń pè é. Á máa wẹ ọmọ, á máa se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá ọmọ. Àwa náà ní in nílé wa. Ta ni kò mọ ìyá àgbà tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí, tó gbé ọmọ lé itan, tó fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, tó na apá rẹ̀, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń pe oríkì rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ké?

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò.

Nígbà tí a bí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ mi, ìyá mi gun ọkọ̀ wá sí Enugu. Láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Ọ̀rẹ̀, wọ́n gba Benin, wọ́n sọdá afárá. Wọ́n wẹ ọmọ yẹn láàárọ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ yìí á rìn dáadáa." Wọ́n wá padà sílé.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà rìn, mo ya fídíò. Ọmọ náà dìde, ó gbọ̀n, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó. A pàtẹ́wọ́. Mo gbé fídíò náà sí status WhatsApp mi. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rí i. Àwọn tí a jọ kàwé rí i. Àwọn tí n ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta rí i, wọ́n kọ̀wé ìkíni ránṣẹ́.

Ìyá mi ńkọ́? Fóònù kékeré olórí tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Kò ní status. Ọmọ aládùúgbò kan, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọra, ló fi fídíò náà hàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ wọn.

Nígbà tí mo pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò bínú. Wọn ò wí nǹkan kan tó le. Wọ́n kàn ní, "Mo rí i lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò. Ó rìn dáadáa."

Ẹ̀yin ará, ẹni tó na ẹsẹ̀ ọmọ, ọwọ́ ọmọ aládùúgbò ló ti rí i pé ẹsẹ̀ náà rìn. Ṣé ó dára? Ẹ bá mi dá a lóhùn nínú ilé yín. Ṣé ó dára?

Kò dára. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: ẹni tó wẹ ọmọ ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Kí ayé tó gbọ́, kí ilé gbọ́. Kí ẹ tó gbé e sí status, ẹ pe ìyá àgbà. Ìpè ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ fún ẹni tó bá wù yín.

Kì í sì í ṣe gbogbo ayé ló yẹ kó gbọ́ tán. Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ọmọ tó wà ní ìhòòhò nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ilé ló mọ sí. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti aago tó ń jáde, ẹ má kọ ọ́ síta. Ọmọ tó ti ń mọ nǹkan, tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, ẹ má fi ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni. Ìròyìn tí ọmọ yóò tìtorí rẹ̀ forí pamọ́ nígbà tó bá dé àárín ẹbí, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Bó bá ti dàgbà tó láti dáhùn, ẹ bi í: "Ṣé kí n sọ fún ìyá àgbà?" Ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yóò tàn. Òun fúnra rẹ̀ á gba fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ má dúró de ìròyìn ńlá, ohun tí à ń sọ bọ̀ nìyẹn. Ẹ fi kékeré ránṣẹ́. Ẹni tó wẹ ọmọ ni kó sì kọ́kọ́ gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Bí ìròyìn ọmọ bá dé ọwọ́ yín, báwo lẹ ṣe ń gbà á?

Mo mọ ìyá kan ní Enugu níbí tó ti jáwọ́ nínú pípe ilé. Kí ló fà á? Ìgbà tó sọ pé ọmọ òun ti ń rákò, wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì ń rákò ni? Ti ọmọ ìyá ẹ ti ń sáré." Ìgbà tó sọ pé ọmọ ṣe ipò kẹta ní kíláàsì, wọ́n ní, "Ta ló gba ipò kìíní?" Ó dákẹ́. Bó ṣe di pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà, ọmọ kì í rìn lọ́jọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ti wò ó láàárín àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó le koko lè rìn ní oṣù 8, òmíràn tó le koko lè sún un sí bí oṣù 18. Bó bá kọjá ìgbà yẹn, kí òbí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó kọjá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó rin tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní ọmọ yọ eyín, ohun tí ẹ máa fèsì ni pé owó epo ti tán. Ọ̀rọ̀ owó ní ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí eyín bá yọ, ẹ gbàdúrà fún eyín.

Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ṣé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù 9? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n igba ojú yẹn ò lè wo ohun tí a ò fi hàn án. Báyìí, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti tọ̀tún tòsì. Kí àwa tó wà lájò ṣí ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yin tó wà nílé wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ ṣe nǹkan kan sí i fún wa. Ẹ fi èdè wa kí àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní Enugu, Igbo ni wọ́n ń fi ṣeré lójúde. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìlú tó gbà wọ́n ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé. Níbo ni Yorùbá á ti wọlé sí wọn lẹ́nu? Ẹnu ìyá àgbà ni. Ẹ pe oríkì wọn. Ọmọbìnrin mi àgbà, bí ìyá mi bá ti pè é ní Àdùkẹ́, á kúnlẹ̀. Orí fóònù ni o! Ìyá mi ò rí i. Àbúrò rẹ̀ bi í pé ta ló ń kúnlẹ̀ fún. Ó ní, "Ìyá àgbà mọ̀ pé mo kúnlẹ̀." Mo wá bi ìyá mi bóyá lóòótọ́ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan parí ọ̀rọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, eyín kan yọ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin mi àgbà yẹn. Eyín wàrà, ti iwájú. Ó mú un wá sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo ní kó dúró. Mo pe Ìṣẹ́yìn.

Mo ní, "Màámi, eyín rẹ̀ ti yọ o."

Wọ́n ké, "Ẹ ò tíì sọ ọ́ nù?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ló wà."

Ni ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í darí wa láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ní kó lọ ṣa òkúta wẹẹrẹ, iye ọdún tó ti lò láyé, kó kà wọ́n, kó sì ju eyín náà sórí òrùlé. Ó sáré bọ́ sílẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni à ń gbé, kò sí òrùlé tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ìyá aládùúgbò wa, ọmọ Udi, gbọ́ ariwo, ó jáde. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí òrùlé ni àwọn náà ń ju eyín sí nígbà tí òun wà ní kékeré. Ó ní kí á wá ju tiwa sórí páànù ilé ìdáná òun. Ọmọ náà ka òkúta rẹ̀ sí ìyá mi létí lórí fóònù. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ó ṣi ẹ̀rin pè, ìyá mi tún un pè fún un. Ó ju eyín náà. A gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù. Mo gbà gbọ́ pé Ìṣẹ́yìn náà gbọ́ ọ.

Kí ló ná wa? Káàdì ìpè kékeré kan. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ díẹ̀. Eyín kan ṣoṣo ni o. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ ọ́ fún gbogbo àwọn ahunṣọ tó wá ra òwú lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, a ti fi àdéhùn sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sọ nǹkan kan fún ìyá àgbà. Nǹkan kan péré. Ó lè jẹ́ pé ó jẹ okpa gbígbóná. Ó lè jẹ́ pé bàtà rẹ̀ ti fún un. Ìyá mi náà á sọ tiwọn: ewúrẹ́ bí ìbejì, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti yọ irùngbọ̀n.

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi ṣe é. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹni ilé ò bá ní fóònù ńlá, ẹ fi ti kékeré pè é. Bí ó bá sì ní in, ẹ ká ohùn ọmọ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kí ó lè máa tún un gbọ́ lálẹ́. Ẹ tún ya àwòrán kan sórí bébà lọ́dún, ẹ fi rán awakọ̀ tó ń lọ, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sára ògiri. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì fi ń di agbádá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá mi láàárín ọ̀sẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Wọn ò bi mí pé ta ló kú. Ohun tí wọ́n sọ kí n tó kí wọn tán ni pé, "Kí lọmọ mi tún ṣe?"

Bí ètò yìí bá ti parí, ẹ mú fóònù yín. Ẹ pe ilé. Ẹ má dúró de ìròyìn ńlá.